Ọ̀dùnkún Àkọ́rọ̀: Inú Ẹ̀ẹ̀rùn Ni Iṣẹ́ Rẹ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ùsì-Èkìtì,
Oṣù Kìíní, 2025.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

   

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé o fẹ́ sọ ẹ̀yìnkùlé yín ní Ìkọ̀lé di ọgbà. O ní pòtétò òyìnbó lo fẹ́ gbìn, àti pé nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ni wàá máa wá ohun tí wàá gbìn kiri. Nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo ṣe jókòó kọ ìwé sí ọ, kí làálàá rẹ má baà já sí asán.

Ọ̀pọ̀ pòtétò òyìnbó tí ò ń rà lọ́jà, òkè Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń kó o wá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó 1,200 mítà, òtútù sì máa ń mú lóru. Òtútù òru yẹn ni pòtétò ń fẹ́ kí ó tó lè ta dáadáa. Níbi tí òru bá ti ń mooru ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ, ewé ni yóò máa yọ, ìdí rẹ̀ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan gbé jáde. Lóòótọ́, Èkìtì lókè, ṣùgbọ́n òru wa kì í tutù tó ti Jọ́ọ̀sì lásìkò òjò. Ọ̀dùnkún ni kí o gbìn. Òun ni ooru ilẹ̀ wa bá lára mu.

Mo sì fẹ́ kí o gbin ti àkọ́rọ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀dùnkún fi ń gbó. Èyí tí o bá gbìn lóṣù kẹrin, wàá ti máa jẹ nínú rẹ̀ lóṣù keje, nígbà tí iṣu èṣí ti tán nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí iṣu tuntun kò sì tíì pọ̀ lọ́jà. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ìdí kejì ni ti kòkòrò. Kòkòrò dúdú kékeré kan wà tó ní ẹnu gígùn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tó sì sán, ojú sísán yẹn ni yóò gbà wọlé lọ yé ẹyin sára ọ̀dùnkún. Ọ̀dùnkún tí ọmọ kòkòrò yìí bá ti jẹ yóò korò, yóò máa rùn, kò ṣe é fún ẹran jẹ pàápàá. Ẹni tó bá gbìn nígbà tí òjò ń lọ, tó sì fi í sílẹ̀ dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò yìí ló gbìn ín fún. Ẹni tó tètè gbìn, tó tètè wà á, ti jàjàbọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàkùn ni wọ́n ń gbìn, ìtàkùn sì ṣọ̀wọ́n nígbà àkọ́rọ̀ nítorí ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa á. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Lọ sọ́jà, kí o ṣa ọ̀dùnkún kéékèèké tí kò ní ojú ihò kankan lára. Rì wọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá kànga yín, kí o máa bomi rin wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ìtàkùn yóò ti tó gé. Ṣe ọgbà yí i ká, nítorí ewúrẹ́ kì í fi ewé ọ̀dùnkún sílẹ̀. Bí tìrẹ kò bá pọ̀ tó, rán ẹnìkan sí mi. Mo ní díẹ̀ létí àkùrọ̀. Yóò fi àpò tútù wé e, yóò sì gba Ìdó, Ìfàkì àti Ọ̀yẹ́ padà kí oòrùn tó mú.

Òjò kan lè rọ̀ lóṣù kẹta kí ó tún dá. Má torí òjò kan ṣoṣo gbìn. Dúró kí ilẹ̀ rin wọ inú. Kọ ebè gígùn, kí ó ga, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sì wà láàárín méjì. Orí ìtàkùn ni kí o gé, nítorí ibi ìdí tó ti gbó ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí o dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí o bá ń rì í, kí oríkèé mẹ́ta wọlẹ̀. Fi ẹsẹ̀ bàtà kan sáàárín èyí àti èkejì.

Má da ìgbẹ́ adìyẹ púpọ̀ sí i o. Ewé ni yóò fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ìdí rẹ̀ yóò ṣófo. Eérú ìdáná díẹ̀ sàn fún un. Ro oko rẹ̀ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí, ewé rẹ̀ yóò bo ilẹ̀, yóò sì bá ọ pa koríko. Nígbàkigbà tí ebè bá sán, kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé, fi ọwọ́ wá ìdí rẹ̀. Gé ọ̀kan wò: bí ojú ọ̀bẹ bá gbẹ láìdúdú, ó ti gbó. Mú àwọn tó tóbi, kí o bo ìyókù padà. Báyìí ni ẹ̀yìnkùlé kékeré fi ń bọ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí oṣù kẹjọ tó parí, wa gbogbo rẹ̀ tán. Ní ọdún tó ń bọ̀, gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Nítorí àwọn ọmọ rẹ, wá ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì. Ó ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, tó ń dáàbò bo ojú àti ara ọmọdé. Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Umudike gbé irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní King J jáde ní 2012, ó sì gbé òmíràn tó ń jẹ́ Mother's Delight jáde ní 2013. Ní 2016, àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí irú ọ̀dùnkún yìí ní Áfíríkà gba ẹ̀bùn World Food Prize. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn Yunifásítì Ọ̀yẹ́ wà ní Ìkọ̀lé níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Lọ bi wọ́n léèrè ibi tí o ti lè rí ìtàkùn rẹ̀.

Ọmọ mi, iṣẹ́ yìí kò pọ̀, àsìkò rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, jẹ́ kí n gbọ́ pé o ti ri àwọn kéékèèké yẹn sílẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tutù sí i, kí àwọn ọmọ rẹ jẹ ẹ́ yó.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.