Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Ọkọ̀ Tí Ń Gbóná àti Ẹni Tí Ń Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tún Un Ṣe

Ẹni tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ̀ pé owó tí a fi ra ọkọ̀ nìkan kọ́ ni owó ọkọ̀. Lónìí táyà ni, lọ́la bátìrì ni, lọ́tùnla omi ń jò. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ra sípánà díẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn tún ọkọ̀ ṣe. Èyí kò burú. Ó ń dín ìnáwó kù, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó ń gùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà a máa tánni ní sùúrù. A ó tún ìhín ṣe, ọ̀hún á bàjẹ́. Kí ló ń fà á? Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ tí ń gbóná ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àìsàn yìí wọ́pọ̀.

Bí omi ṣe ń tu ẹ́ńjìnnì lára

Iná ni ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí ohun tó ń tù ú lára, irin inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Omi ni ń ṣe iṣẹ́ yìí. Pọ́ǹpù ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká. Omi náà ń gba ooru, ó ń gba inú rọ́bà lọ sínú rédíétọ̀ níwájú ọkọ̀. Níbẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù ló gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ.

Ohun kékeré méjì tún wà níbẹ̀. Èkíní ni tẹ́mósítáàtì. Ó dà bí ilẹ̀kùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ti ọ̀nà rédíétọ̀ pa, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí 80 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ṣílẹ̀kùn. Èkejì ni ìdérí rédíétọ̀. Omi inú ìkòkò lásán ń hó ní 100. Ìdérí yìí ń sé omi mọ́ inú, kò sì ní jẹ́ kó tètè hó, bó tilẹ̀ kọjá 100. Bí rọ́bà inú ìdérí náà bá ti gbó, omi á máa hó, á máa dà síta.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní ọkọ̀ ọkùnrin kan ń gbóná. Ó bu omi sí i. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbóná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ tẹ́mósítáàtì yẹn dànù jàre. Ilẹ̀ tiwa gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ó yọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì wá ń pẹ́ kó tó gbóná dé ìwọ̀n, epo bẹntiróò tó ń jẹ sì pọ̀ sí i. Síbẹ̀, omi ṣì ń hó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹlòmíràn ní kó fa wáyà fáànù lọ sórí bátìrì tààrà. Ó fà á, kò sì fi fíùsì sí i. Lọ́jọ́ kan wáyà náà gbóná títí ara rẹ̀ fi yọ́. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbiná.

Kí ni àìsàn ọkọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀? Rọ́bà ìdérí rédíétọ̀ ló gbó. Ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì sì rí bíi tíì tí a da mílíìkì sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò sí ohun kan nínú ọkọ̀ tí kò ní iṣẹ́. Kí a tó yọ nǹkan, tàbí kí a tó yí i padà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná láé. Omi inú rẹ̀ lè fò jáde, kó bó ènìyàn lójú àti lápá.

2. Ẹ wo ìgbà tó ń gbóná. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ dúró nìkan, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù. Bó bá jẹ́ nígbà tó ń sáré, ẹ wò ó bóyá omi dín, tàbí bóyá ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà dí rédíétọ̀.

3. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́. Bí omi bá ń jò sílẹ̀, páálí yóò fi ibẹ̀ hàn yín láàárọ̀.

4. Ẹ yọ ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá funfun, ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì.

5. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ ohun mẹ́ta lọ́jọ́ kan kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà sàn, kò sì ní mọ èyí tó dá òmíràn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà tún ń múni bínú. Bí a bá fi ipá tú u, á kán sínú ihò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á wá di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ dúró, kí ẹ sì lo sípánà tó bá a mu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Jáàkì lè yẹ̀. Ẹ fi irin ìdúró tó lágbára gbé ọkọ̀ ró. Ní ti bíréèkì, bí iṣẹ́ náà kò bá yé yín dáadáa, ẹ fi lé mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò lọ kò burú tó ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò dúró.

Irinṣẹ́ tó ju sípánà lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, irinṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń lọ ra ohun èlò ọkọ̀, bóyá ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin nílùú Èkó tàbí níbòmíràn, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání. Nọ́ńbà wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ kà á, kí ẹ sì fi wé ti èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ì báà jẹ́ tuntun tàbí tòkúnbọ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún ọkọ̀ yín. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí:

3 oṣù Kẹta: Ọkọ̀ gbóná. Mo bu omi lítà 1 sí i.
5 oṣù Kẹta: Mo tẹ́ páálí. Páálí gbẹ.
6 oṣù Kẹta: Mo pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀.
13 oṣù Kẹta: Omi kò dín.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ fi ìwé yìí hàn án. Kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí, owó yín kò sì ní ṣòfò.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ wo ni tẹ́mósítáàtì ń ṣe?
2. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná?
3. Kí ló ṣe ọkọ̀ ọkùnrin inú àpẹẹrẹ wa gan-an?
4. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa ohun tí ẹ tún ṣe gbẹ̀yìn nílé yín, ì báà ṣe ọkọ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí fìtílà.