Orí Kẹfà: Ohun Tí Ń Mú Ọkọ̀ Ojú Omi Sáré

Bí ọkọ̀ ojú omi méjì bá jọ gbéra ní èbúté Liverpool ní Àpápá, tí wọ́n ń lọ sí èbúté CMS ní Erékùṣù Èkó, tí ọ̀kan gbé ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 75, tí èkejì sì gbé alágbára ẹṣin 115, ọ̀pọ̀ èrò ni yóò sọ pé ẹ́ńjìnnì ńlá ni yóò kọ́kọ́ dé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ irin ìdí ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là, bá ti ṣẹ́ létí, tí omi ti rọ́ sínú ọkọ̀, tí àwọn èrò sì kó ara wọn jọ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n tò dáadáa lè fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó dé àárín ọ̀sà. Ohun tí orí ìwé yìí ń sọ kò ju èyí lọ: inú ìtò àti ìtọ́jú ni ìyára ọkọ̀ ti ń wá. Ẹ́ńjìnnì ńlá kàn ń fi agbára kún ohun tó bá bá nílẹ̀ ni. Bí àṣìṣe ló bá bá nílẹ̀, àṣìṣe náà ni yóò fi agbára kún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ni ìdíje àwọn ọkọ̀ tí ń fa ènìyàn sáré lórí omi. Ralph Samuelson, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ni ó bẹ̀rẹ̀ eré náà ní ọdún 1922: ó wọ pákó gbọọrọ méjì sẹ́sẹ̀ lórí adágún Pepin ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ó di okùn mú, ọkọ̀ sì ń fà á lọ. Lónìí eré yẹn ti di ìdíje ńlá. Ní California, àwọn ọkọ̀ máa ń gbéra ní Long Beach lọ sí erékùṣù Catalina, wọ́n á sì padà, ìrìn nǹkan bí 100 kìlómítà lórí òkun. Ní Australia, ìdíje Southern 80 máa ń gba 80 kìlómítà lórí odò Murray títí dé ìlú Echuca. Àwọn ọkọ̀ tó le jù nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ máa ń sáré kọjá 160 kìlómítà ní wákàtí kan, pẹ̀lú ènìyàn tó dúró lórí pákó lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ wọ̀nyí ń ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ti pín ọkọ̀ sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì wọn ṣe tó, nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí, wọn kì í wá ẹ́ńjìnnì ńlá kiri mọ́. Wọ́n á pààrọ̀ pùròpẹ́là, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ tàbí kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sún táńkì epo àti bátìrì síwájú tàbí sẹ́yìn, wọ́n á tún gbé ọkọ̀ bọ́ sómi láti wò ó. Síbẹ̀, nínú ìsọ̀rí kan náà, ọkọ̀ kan á fi èkejì sílẹ̀. Bí a bá yọ ọwọ́ awakọ̀ kúrò, ìtò ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà.

Ẹnìkan lè ní eré àwọn olówó nìyẹn, kí ló kan ará Ajégúnlẹ̀ lẹ́bàá Àpápá tí ń wá bí yóò ṣe dé ibi iṣẹ́? Ó kàn án gan-an. Láti ìgbà pípẹ́ tí àwọn tírélà tí ń dúró de ẹrù ní èbúté Àpápá àti ti Tin Can ti ń dí ojú títì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti kọ títì sílẹ̀ fún omi. Ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n ń wọ̀, tí ẹ́ńjìnnì Yamaha kan tàbí méjì wà nídìí rẹ̀, ìbátan ọkọ̀ ìdíje ni. Omi tó ń gbé ọ̀kan ló ń gbé èkejì, pùròpẹ́là ló sì ń ti àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọkọ̀ ìdíje máa ń tú àṣìṣe síta láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ èrò lè gbé àṣìṣe kiri fún oṣù mẹ́fà kí ó tó dákú sí ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ òkun.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkọ̀ ń bá jà. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, inú omi ló wà, ó ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí awakọ̀ bá fi kún eré, orí ọkọ̀ á ga, ìdí rẹ̀ á rì. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò gun orí omi, tí yóò sì máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀. Gígun omi yìí ló ń gba agbára jù. Ọkọ̀ tí kò bá lè gun omi yóò máa fi ìdí wọ́ lọ ni: ariwo pọ̀, epo ń lọ, ìrìn kò sí. Ìwúwo ló sì ń dí i lọ́wọ́ jù. Bí a bá ka àgbàlagbà kan sí 75 kìlógíráàmù, ogún èrò jẹ́ 1,500 kìlógíráàmù, tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, láìtíì ka ẹrù ọjà. Líta omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan, nítorí náà 150 líta omi tí a kò gbọ́n kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ èrò méjì tí kò sanwó. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé omi kì í jókòó sójú kan: bí orí ọkọ̀ bá ti ga, gbogbo rẹ̀ á ṣàn sẹ́yìn, ibi tí a kò ti fẹ́ ìwúwo rárá. Nítorí èyí ni awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ fi máa ń bẹ àwọn èrò pé, “Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú,” tí àwọn kan á sì máa kùn pé ó ń yọ àwọn lẹ́nu. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí òun náà má kó gbogbo wọn síwájú pátápátá, nítorí bí ìgbì ọkọ̀ òkun bá dé, orí ọkọ̀ lè wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwúwo, pùròpẹ́là ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti lè ràn wá lọ́wọ́. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára pùròpẹ́là. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n ọ̀nà tí ìyípo kan yóò gbé ọkọ̀ lọ síwájú bí omi kò bá yẹ̀. Ká ní nọ́ńbà kejì yìí jẹ́ ínǹṣì 17. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dín in kù sí ìdajì. Pùròpẹ́là yóò yí ní ìgbà 2,500. Ínǹṣì 17 lọ́nà 2,500 jẹ́ ínǹṣì 42,500, nǹkan bí mítà 1,080 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n omi máa ń yẹ̀. Bí a bá yọ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku nǹkan bí kìlómítà 55. Ọlọ́kọ̀ kan lè wá ní, ó dáa, ẹ gbé ínǹṣì 21 sí i, kí ó lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ìwé, òótọ́ ló sọ. Lórí omi, bí ínǹṣì kan bá ti kún un, ẹ́ńjìnnì á pàdánù nǹkan bí ìyípo 150 sí 200. Ínǹṣì mẹ́rin yóò já a bọ́ sí nǹkan bí 4,300, yóò máa mí gúlegúle, kò sì ní lè gun omi pẹ̀lú ogún èrò. Bí wọ́n bá sì gbé nọ́ńbà tó kéré jù sí i, ẹ́ńjìnnì á máa yí kọjá ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí, yóò sì tètè gbó. Ọkọ̀ ìdíje kò gbé ju ènìyàn mélòó kan lọ, ó lè lo nọ́ńbà ńlá. Ọkọ̀ èrò kò lè fara wé e.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gíga ẹ́ńjìnnì. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpẹ́là; lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yẹ kí irin yẹn ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kí ó fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Bí ó bá rì jù, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá ga jù, pùròpẹ́là á máa gbé afẹ́fẹ́ mì dípò omi níbi tí ọkọ̀ bá ti ń yà: ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ kò ní lọ. Àwọn onídìíje máa ń gbé tiwọn ga gan-an, ṣùgbọ́n omi Àpápá, tí ìgbì ọkọ̀ òkun ń da rú ní gbogbo ìgbà, kò gba irú àṣejù bẹ́ẹ̀.

Títò nìkan kò sì tó, nítorí omi yìí ń tú ohun tí a tò. Àpápá kò jìnnà sí ẹnu òkun, iyọ̀ pọ̀ nínú omi rẹ̀, pàápàá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, omi odò á bù ú là, koríko ojú omi tó gba apá Badagry wọ Èkó ní nǹkan bí ọdún 1984 á sì tún kún ojú omi. Omi ọ̀sà yìí kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń fà mu láti fi tu ara rẹ̀ lára. Bí wọ́n bá pa á nírọ̀lẹ́, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù sínú àwọn ihò tóóró tí omi ń gbà kọjá, títí tí wọn yóò fi dí. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro: kí wọ́n ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú dúróòmù omi tí kò níyọ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Rọ́bà kékeré kan, ìḿpẹ́là, ló ń fa omi sókè nínú ẹsẹ̀ náà, yanrìn sì máa ń jẹ ẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ ó rí omi tóóró kan tó ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí ẹnu ibi tó ń gbà mu omi.

Ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì láìpariwo lápá Ajégúnlẹ̀ ni okùn àwọ̀n. Apẹja pọ̀ létí omi, àwọ̀n tó já sì ń léfòó kiri. Bí okùn bá wé mọ́ pùròpẹ́là, awakọ̀ á gé èyí tójú rẹ̀ tó, á máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó wọ ẹ̀yìn pùròpẹ́là kò ní hàn. Yóò máa yí pẹ̀lú irin, yóò máa jẹ rọ́bà tí kò jẹ́ kí omi wọ gíábọ́ọ̀sì, títí tí omi yóò fi wọlé bá ọ́ìlì. Kí mẹkáníìkì yọ pùròpẹ́là, kí ó tú okùn náà kúrò, kí ó wá dẹ skúrù ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì díẹ̀, kí ọ́ìlì kán sí i lọ́wọ́. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wà níbẹ̀. Rọ́bà yẹn kò wọ́n. Jíà tí yóò bàjẹ́ tí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀ ló wọ́n. Pùròpẹ́là tó ṣẹ́ náà, wẹ́dà lè jó o, ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ra wọn, nítorí bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò jẹ rọ́bà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Ní ti epo, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn ń gba ọ́ìlì kan sí bẹntiróòlù àádọ́ta: kẹ́ẹ̀gì líta 25 ń gba ìdajì líta ọ́ìlì. Ẹni tó bá ń fi ojú wọ̀n ọ́n ń fi písítìn ta tẹ́tẹ́.

Àtakò tó lágbára jù ni ti owó àti àkókò. Ọlọ́kọ̀ á ní àwọn èrò ti tò sí èbúté láti àárọ̀ kùtùkùtù, ìgbà wo ni ká tó ráyè dúróòmù? Òótọ́ ni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá rìn, owó kò wọlé. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, lẹ́yìn iṣẹ́ ni, kì í ṣe láàárín iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná pa kì í sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ ló ń gbà. Àwọn àgbà awakọ̀ náà lè ní etí làwọn fi ń mọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà, àwọn kò sì ṣe ìṣirò rí. Mo gbà pé etí wọn mú. Ìjìyà ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, wọ́n á gbọ́ ọ. Èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ni etí kì í gbọ́, nítorí etí náà ń mọ́ ọn lára lójoojúmọ́.

Àtakò kan kù tí kò ṣeé fojú fò: ṣé kì í ṣe pé a ń kọ́ àwọn ènìyàn láti sáré àsápajúdé? Ìṣòro yẹn wà. LASWA, àjọ tí ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ omi, kò gbà kí ọkọ̀ èrò rìn lálẹ́, wọ́n sì jàre, nítorí igi àti koríko tó léfòó kò ní iná lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a tò dáadáa ni ọkọ̀ tí orí rẹ̀ kò ga bo awakọ̀ lójú, tó lè rìn ní ìwọ̀n eré tó mọ níwọ̀n láìfi ìdí wọ́ omi. Nínú ìdíje, awakọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ láìso okùn tí ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀, bí ó bá ṣubú, kí ẹ́ńjìnnì kú. Okùn pupa kan náà ń bá Yamaha wá láti ilé iṣẹ́. Nínú ọkọ̀ èrò, ara ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń so rọ̀ sí, níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ láti Àpápá, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà yín, ẹ jókòó síbi tí awakọ̀ bá ní kí ẹ jókòó, ẹ sì wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ẹ kò bá rí omi tóóró yẹn tó ń tú jáde, ẹ sọ fún awakọ̀. Bí kò bá kà á sí, ẹ dúró de ọkọ̀ tó kàn.