Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Kò Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Wù Wá



Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa kò wá sí ìpàdé kíláàsì fún oṣù mẹ́ta, a ní ìfàsẹ́yìn ti dé bá a. A kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó sùn.

Ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba àwọn iṣan tí ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àwọn tó gùn jù, tó dé àtẹ́lẹsẹ̀, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹsẹ̀ á máa jó bí ẹni tẹ iná, á máa ta bí abẹ́rẹ́, pàápàá lóru. Ẹni tí kò sùn, báwo ni iṣẹ́ yóò ṣe wù ú láàárọ̀? Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́ gan-an ni a máa ń ṣi iṣẹ́ ṣe. A ó fọ gbogbo aṣọ, a ó lọ ata, a ó tún dé ọjà. Ọjọ́ méjì ni a ó fi sùn lé e. Aago ni kí ó díwọ̀n iṣẹ́, kì í ṣe agbára wa: ìṣẹ́jú 15, kí a jókòó, bí ara tilẹ̀ ń sọ pé kí a máa bá a lọ. Lọ́jọ́ tó burú, ohun kan ṣoṣo ti tó: kí a wẹ̀, kí a pààrọ̀ aṣọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí yóò wù yín. Lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ ni ó sábà máa ń wuni.

Parasitamọ́ọ̀lù kì í sábà ran irú ìrora yìí. Dókítà lè kọ amitriptyline, tí a kọ́kọ́ ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí gabapentin, tí a kọ́kọ́ ń lò fún wárápá. Bí ẹ bá ka èyí nínú ìwé inú páálí oògùn, ẹ má rò pé wọ́n pè yín ní wèrè. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ìbànújẹ́ bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ sọ fún dókítà pẹ̀lú.

Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, rárá! Ẹsẹ̀ tó ń jó yìí kan náà lè má mọ̀ bí omi ti gbóná tó. Ẹ máa wọ bàtà, àní nínú ilé. Ẹ máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́. Bí ẹ bá rí egbò, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù tó kọjá, a gbé ìpàdé kíláàsì lọ sí ilé arábìnrin wa. A bá a ṣa ẹ̀fọ́. Òun jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ó sì bá wa ṣe ìpàdé dé òpin.