Dá Sí I, Dá A Sí

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò pé, "Àwọn onímọ̀ ti wọn iye èèyàn tó kópa nínú ìjà láti dáàbò bo igbó aṣálẹ̀." Mo dín ohùn rédíò kù, mo tún gbólóhùn náà sọ fún ara mi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló há mi lọ́fun bí eegun ẹja: wọn, kópa, aṣálẹ̀. Kò sí èyí tí kì í ṣe Yorùbá nínú wọn, àmọ́ kò sí èyí tó jókòó síbi tó yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aṣálẹ̀, aginjù, ẹgàn

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbẹ tí igi kì í fi bẹ́ẹ̀ hù sí, bíi Sàhárà. "Igbó aṣálẹ̀" dà bí ìgbà téèyàn ní òun ra omi gbígbẹ. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Bíbélì Yorùbá pe ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti rìn fún ogójì ọdún ní aginjù, ibẹ̀ sì gbẹ. Ni ọ̀pọ̀ èèyàn bá gbà pé aginjù àti aṣálẹ̀ kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn àwọn ọdẹ, aginjù ni igbó tó jìn sí ìlú, tí èèyàn kì í gbé, tí ẹranko ti ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹgàn tún wà. Ẹgàn ni igbó tí àdá àti ọkọ́ kò tíì kàn, tí igi rẹ̀ ti dàgbà kó tó di pé ẹnikẹ́ni tẹ ìlú dó nítòsí. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀ o: ẹ rẹ ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di ẹ̀gàn, ìyẹn ìfojú-tín-ín-rín. Àwọn tó fi ẹ̀gàn wo ẹgàn ni wọ́n sì máa ń gbé katakata wọ̀ ọ́. Ní ti igbó lásán, orúkọ gbogbogbòò ni. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé fún ọdún méjì, igbó ni. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn kò tíì bà jẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró lórí "igbó". Kó pè é ní ẹgàn, tàbí aginjù.

Kíkà yàtọ̀ sí wíwọ̀n

Èèyàn là ń kà. Aṣọ, ilẹ̀ àti àgbàdo là ń wọ̀n. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n, kì í ka hóró rẹ̀. Olùkọ́ sì ń ka àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì, kì í wọ̀n wọ́n. Nígbà tí a kò bá kà tí a kò sì wọ̀n, a fojú bù ú nìyẹn, bí àwọn oníròyìn ti máa ń ṣe tí wọ́n bá ní èrò ya bí omi síbi ìwọ́de. Nítorí náà, "wọn iye èèyàn" kò dúró. Iye ni à ń kà.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń fa ọ̀rọ̀ gùn lásán. Kíkà á sọ bí wọ́n ti pọ̀ tó, wíwọ̀n á sọ bí wọ́n ti tẹ̀wọ̀n tó. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́, tí wọ́n fi ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà àńjọ̀fẹ́ tó ka ẹsẹ̀ tó ń wọlé kò parọ́. Iye tó kà pé. Ohun tí kò ṣe ni pé kò gbé ẹsẹ̀ kan lé òṣùwọ̀n.

Ìtàn kan láti Tasmania

Tasmania, erékùṣù tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Ọsirélíà, ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí níbẹ̀, ìwé ìbò gan-an ló kọ́ àwọn èèyàn ní ìyàtọ̀ kíkà àti wíwọ̀n. Àwọn tó ń pèsè iná mànàmáná fẹ́ kọ́ dáàmù sórí odò Gordon, èyí tí yóò mú kí omi bo odò Franklin tó ń gba àárín ẹgàn kọjá. Ní 1972, omi dáàmù mìíràn ti bo adágún Pedder mọ́lẹ̀, ó sì dun ọ̀pọ̀ èèyàn dé egungun.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1981, ìjọba ní kí ará ìlú wá dìbò. Ìbéèrè orí ìwé ni pé, èwo nínú dáàmù méjì ni ẹ fẹ́? Kò sí àyè fún ẹni tí kò fẹ́ ìkankan. Ẹ sì rántí pé òfin mú ìbò dídì ní dandan ní Ọsirélíà. Ẹni tó bá fẹ́ fi iye ẹni tó jáde ka àwọn tó kópa, òfo ló kà, nítorí òfin ló tì wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìbò ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi 47 yan dáàmù tí yóò mú kí omi bo odò Franklin, 8 yan ìkejì, èyí tó kù kò bá òfin mu. Nínú ọgọ́rùn-ún yẹn náà, bíi 33 ni ẹni tó ni ín ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí pé òun kò fẹ́ dáàmù. Ìbò tí wọ́n ní kò níye ló wá tẹ̀wọ̀n jù lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, 1982, ẹgbẹ́ Tasmanian Wilderness Society, tí dókítà Bob Brown ṣíwájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi àti ara wọn sé ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ dáàmù náà. Àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 1,200. Bí wọ́n bá ṣèlérí pé àwọn kò ní padà wá, wọn ì bá lọ sílé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀, wọ́n yan ẹ̀wọ̀n. Brown fúnra rẹ̀ lo ọjọ́ 19 lẹ́wọ̀n kó tó jáde, tó sì wọ ilé aṣòfin Tasmania.

Ta ló "kópa"?

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kejì. Lójú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, gbogbo àwọn tí mo sọ yìí ló "kópa": ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sórí ìwé ìbò, ẹni tó wọkọ̀ ojú omi, ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi ń bo orí gbogbo wọn. Èdè wa kò ṣe aláìní tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní ohun tí wọ́n ń ṣe dára fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé ó forúkọ sábẹ́ ìwé, kó hàn kedere pé ìwé ló fọwọ́ sí, nítorí èèyàn lè fọwọ́ sí nǹkan láìmú kálàmù. Ẹni tó tẹ̀lé èrò ní títì wọ́de. Ìwọ́de ayọ̀ wà, nítorí náà bó bá jẹ́ inú ló bí wọn, ìfẹ̀hónúhàn ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá kó fara gbá a. Ẹni tó kọ ìlérí tó yan ẹ̀wọ̀n fi ara rẹ̀ jìn. Ẹni tó ń yìn wọ́n láti orí àga ilé rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún "lọ́wọ́ nínú". "Ó lọ́wọ́ nínú ìjà ẹgàn náà" ń dún bí ẹ̀sùn. Nínú olè àti ọ̀tẹ̀ la ti sábà máa ń lọ́wọ́. Ẹ má sì da "kópa nínú" pọ̀ mọ́ "nípa lórí". Ipa ni ojú ẹsẹ̀ tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹlẹ́sẹ̀ ti lọ. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè kópa nínú nǹkan kí wọ́n má nípa kankan lórí rẹ̀, bí ẹni rìn lórí àpáta.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe é jù

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ní kí n mú fún gbogbo ìjà tí èèyàn ń jà fún ẹgàn, "dá sí" ni n óò mú. Ẹ wò ó bó ti ń yíra padà. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ dá sí i. Bí ẹgbẹ́ bá ń kó owó jọ tí ẹ mú tiyín wá, ẹ dá owó sí i. Bí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko tó dé ìdí ìrókò tó yí àdá padà, ó dá a sí. Ẹnu kan náà la fi ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ipò tí ẹ gbé ohun tí ẹ ń sọ sí ló ń yí ìtumọ̀ rẹ̀: "dá sí ọ̀rọ̀ igbó" ni kéèyàn bá wọn sọ ọ́, "dá igbó sí" ni kó má gé e. Ẹni tó bá kọ "ìjọba dá sí ẹgàn náà" nígbà tó fẹ́ sọ pé wọn kò gé e ti dorí ọ̀rọ̀ kodò.

Ìkẹta yẹn, yíyí àdá padà, ni ó ṣòro jù láti kà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ń bẹ lónìí nítorí iṣẹ́ àwọn tó jà fún un, bíi Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Ṣùgbọ́n ó tún ń bẹ nítorí èèwọ̀: a kì í gégi níbẹ̀, a kì í dẹ ọdẹ, a kì í pẹja. Ta ni yóò ka iye igi tí ará Òṣogbo kò gé, láti ìran dé ìran? Àwọn náà dá sí i, nípa dídá a sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Tasmania. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, 1983, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà dájọ́ lórí dáàmù náà. Adájọ́ mẹ́rin ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, mẹ́ta kọ̀. Odò Franklin ṣì ń ṣàn.

Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa bá tún ka ìròyìn yẹn, mo rọ̀ ọ́ kó sọ ọ́ báyìí: "Àwọn onímọ̀ ti ka iye èèyàn tó dá sí ìjà ẹgàn, wọ́n sì ti wọ̀n bí ìdásí wọn ti tẹ̀wọ̀n tó." Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro èyí wá: ṣé à ń tọ́jú ẹgàn ni, àbí à ń ṣọ́ ọ?