Ilé Ẹja Nínú Ilé Wa: Ẹ̀kọ́ Lórí Sùúrù àti Ìtọ́jú Ẹ̀dá

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni í bẹ òbí wọn pé kí wọ́n ra ẹja aláràbarà sínú àpótí onídígí. Ní ilé púpọ̀, ọjọ́ kan náà ni a ń ra àpótí àti ẹja, tí a ń bu omi kún un, tí inú gbogbo ilé sì ń dùn. Kí oṣù tó yí po, ẹja ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ń sunkún, òbí sì ń dá ẹni tó tà á lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọlọ́jà. Omi náà ni kò tíì ṣetán láti gba àlejò.

Ibi tí ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn ohun tí ó rí nígbà tí ó fi ẹja wúrà méjì àti ewéko odò sínú omi kan náà. Ewé tó jẹrà ba omi náà jẹ́. Ó wá fi ìgbín omi sí i. Ìgbín jẹ ìdọ̀tí náà, omi sì mọ́. Ní ọdún 1854, Philip Henry Gosse, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tí ó tún jẹ́ oníwàásù, tẹ ìwé The Aquarium jáde, àṣà náà sì tàn kálẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn kò yí padà: ẹja kì í dá gbé.

Ohun tí ń pa ẹja tuntun

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, májèlé tí a kò lè fi ojú rí. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín kan ń sọ ọ́ di nitrite, èyí tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn sì ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí ewéko sì ń jẹ. Inú asẹ́ omi àti ara yanrìn ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé. Ó sábà máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀

1. Kí a yan àpótí tó gba nǹkan bíi lítà 60, nítorí pé májèlé tètè ń pọ̀ nínú omi kékeré. Omi náà nìkan wúwo tó kílò 60, nítorí náà kí tábìlì rẹ̀ lágbára. Kí oòrùn má ṣe ràn sí i.

2. Kílórínì inú omi ẹ̀rọ ń pa ẹja àti kòkòrò rere. Kí a fi oògùn tí àwọn ọlọ́ja ẹja ń tà pò ó.

3. Kí a tan asẹ́, kí a sì máa wọ́n oúnjẹ díẹ̀ sínú omi òfìfo náà lójoojúmọ́, kí àwọn kòkòrò lè rí jẹ. Nígbà tí ohun èlò ìdánwò bá fi hàn pé amóníà àti nitrite ti di 0, ó tó àkókò.

4. Kí a kọ́kọ́ ra ẹja kékeré méjì tàbí mẹ́ta péré. Ẹja kribensis, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n, wá láti àwọn odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Ooru tó wà láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìtọ́jú

Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti tó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà, kí á má ṣe pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Inú omi tí a bù jáde ni kí a ti fọ kànìnkànìn asẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kílórínì yóò pa àwọn òṣìṣẹ́ wa. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, kí a dá oúnjẹ dúró, kí a sì máa fi ife bu omi náà, kí a máa dà á padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Ohun tí ọmọ ń kọ́

Ìwé Òwe 12:10 fi hàn pé olódodo a máa ka ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sí. Ẹja kò lè ké, kò sì lè sá jáde. Ọwọ́ wa ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ọmọ tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ 6 tọ́jú omi tí kò sí ẹja nínú rẹ̀ ti kọ́ láti ṣiṣẹ́ fún ohun tí kò tíì rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè fún ìdílé

Ta ni yóò máa bọ́ ẹja nígbà tí ọmọ bá padà sí ilé ẹ̀kọ́? Ǹjẹ́ a ṣe tán láti dúró? Bí a kò bá tíì lè dáhùn, kí a má ṣe rà á ná.