Ẹ̀tọ́ Yàtọ̀ sí Ẹ̀bẹ̀: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Káńsù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra wọlé sí káńsù, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ọ́fíìsì akọ̀wé ni mo ti ń wo àwọn alága bí wọ́n ṣe ń gbéra lọ sí sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ tàbí Àbújá. Àwọn kan á gba afárá bọ̀, àwọn mìíràn á gba fọ́tò tí wọ́n yà pẹ̀lú kọmíṣánnà bọ̀. Kì í ṣe orí ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jókòó kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

1. Ẹ mọ ẹni tó ni nǹkan kí ẹ tó lọ tọrọ rẹ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin tó gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá gbẹ́ kòtò níwájú ọjà yín, ẹ lè máa lọ sọ́dọ̀ kọmíṣánnà iṣẹ́ òde títí bàtà yín á fi jẹ. Á gbà yín tọwọ́-tẹsẹ̀, á fún yín ní mínírà mu, ẹ ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹnjiníà àgbà tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ òde ti àpapọ̀ wà ní ìpínlẹ̀ yín. FERMA náà wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 fún àtúnṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ìwé yín lọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì dé ọwọ́ sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin yín. Ṣùgbọ́n ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, gọ́tà àdúgbò, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, tiyín ni. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Ojú máa ń tì mí bí mo bá gbọ́ tí alága ń rọ gómìnà lórí rédíò pé kó wá gbá gọ́tà.

2. Ẹ mọ ọ̀nà tí owó yín ń gbà. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù ní Àbújá, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 ń mú 20.60. (Owó VAT ní ìpín tirẹ̀.) Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé 20.60 yẹn ń bọ́ sí àpò káńsù tààrà. Rárá o. Abala 162 ìwé òfin náà sọ pé inú àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni kó wọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì àti oríṣiríṣi nǹkan kí ìyókù tó kàn yín. Abala kan náà sọ pé kí ìpínlẹ̀ fi nínú owó tirẹ̀ kún un, àti pé òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe ni wọn yóò fi pín in láàárín àwọn káńsù. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ẹnu gómìnà nìkan ni ìpín yín wà. Òfin kan wà nílẹ̀. Ẹ wá a rí, kí ẹ kà á. Mo mọ alága tó lo sáà rẹ̀ tán láìfojú kan òfin náà, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ.

Kí ẹ tó lọ sí ìpàdé JAAC, ìgbìmọ̀ tó ń pín owó inú àpò àjùmọ̀ní náà, ẹ tẹ iye tí Àbújá kọ sí orúkọ káńsù yín jáde. Ìjọba àpapọ̀ ń gbé e síta fún gbogbo ayé kà. Bí wọ́n bá pín ìwé owó tí wọ́n yọ, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò yé yín, kí ẹ wá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, owó yìí, kí ni a yọ ọ́ fún?” Ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe ìjà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

3. Ẹ má ka ìdájọ́ sí owó ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kéré nígbà náà, ẹ gbọ́ ti Èkó. Nígbà tí Bọ́lá Tinúbú ń ṣe gómìnà, Èkó dá káńsù 37 kún 20 tó wà nílẹ̀. Lọ́dún 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, ìdájọ́ jáde pé ààrẹ kò láṣẹ láti di owó náà mú. Ṣùgbọ́n àwọn káńsù tuntun náà kò tíì pé lójú òfin, àfi bí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Èkó jàre, Àbújá náà sì rí nǹkan dì mú. Èkó sọ 37 náà di agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ (LCDA), wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀. Ti owó wá ńkọ́? Kò jáde tán títí Ọbásanjọ́ fi lọ. Ààrẹ Yar'Adua ló tú u sílẹ̀ lọ́dún 2007. Ẹ fojú inú wo káńsù tí kò ní owó míì tó ń pa nílé lásìkò yẹn.

Ní 11 Oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí owó káńsù máa lọ sí káńsù tààrà, kí gómìnà kankan má sì tú káńsù tí ìlú dìbò yàn ká mọ́. A jó, a yọ̀. Nígbà tí ìdájọ́ náà pé ọdún kan, inú àpò àjùmọ̀ní yẹn náà ni owó ṣì ń gbà kọjá. Ẹ di ìdájọ́ náà mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ pa ìjíròrò tì.

4. Ẹ jẹ́ kí ìwé ṣáájú ẹnu. “Ọ̀nà wa ti bàjẹ́” ni gómìnà ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ mú tépù dání lọ sí ibi tí afárá ti wó. Ẹ wọn fífẹ̀ odò náà lásìkò òjò, kí ẹ tún un wọ̀n lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ ka ọkọ̀ tó débẹ̀ tó yí padà, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n rù. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó wà lódìkejì bí àwọn aláboyún ṣe ń sọdá lóru. Kí ẹnjiníà káńsù kọ iye tí yóò náni. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú ewé méjì lọ, kí fọ́tò wà lẹ́yìn. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ gbé dání. Ẹ má fi lé ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gá kankan lọ́wọ́, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín sí yín tó. Rẹ́jísírì ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fáìlì. Bí ẹ bá padà débẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí kò ní í, wọ́n á ní kó lọ kọ ìwé mìíràn wá.

5. Ẹ tètè lọ. Láàárín ọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ti ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ jọ. Bí ọdún bá ń parí lọ ni gómìnà ń gbé ètò ìṣúná lọ sílé aṣòfin. Ẹni tó bá kọ̀wé wá ní Oṣù Kejì, àwo tí wọ́n ti jẹun tán ló bá.

6. Ẹ má dá lọ. Alága kan ṣoṣo kéré lójú gómìnà. Ìdí tí ALGON, ẹgbẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, fi wà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà máa ń pín sí méjì nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rántí ni ti ọdún 2022. Ilé aṣòfin àpapọ̀ dìbò pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ní òmìnira. NULGE, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ti jà fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kó tó di òfin, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kò rí 24. Kì í ṣe Àbújá ló pa á, ilé ló kú sí. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tí a jọ ń wọ aṣọ ẹbí ni wọ́n kọ̀ ọ́, torí pé ojú gómìnà ni wọ́n ń wò. Ẹ lọ mọ ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí Kábíyèsí mọ ohun tí ẹ ń wá, kí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) àti ìyálọ́jà bá yín lọ. Kọmíṣánnà lè fọwọ́ rọ́ kánsẹ́lọ̀ sẹ́yìn. Kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyálọ́jà, torí ó mọ iye ìbò tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ọjà.

7. Ẹ má bú gómìnà lórí rédíò láàárọ̀ kí ẹ wá jókòó ní yàrá àlejò rẹ̀ lọ́sàn-án.

8. Ẹ kó tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó nawọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ọdún 2004 ti fi èyí kọ́ àwọn ìpínlẹ̀: ìpínlẹ̀ tí kò bá kó ìdajì tirẹ̀ sílẹ̀ kò lè gba ìdajì ti Àbújá. Bẹ́ẹ̀ náà ni káńsù. Bí ẹ bá fẹ́ ilé ìlera, ẹ lọ pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹbí tó ni ín ti fọwọ́ sí, tí sọ̀féyọ̀ ti wọ̀n. Iṣẹ́ tí ìjà ilẹ̀ pa pọ̀ ju èyí tí àìsówó pa lọ. Kí ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ọjà yín sì pé pérépéré, torí bí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ fi èyí tí ẹ ń gbà ṣe, ẹ ò ní lè máa wo àjà.

9. Sáà yín kò gùn, ìwé ìjọba sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ ya fáìlì kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn ló ti wá: ìwé wo ló wà ní ọ́fíìsì wo, òǹtẹ̀ ọjọ́ wo ló wà lára rẹ̀, ta ni a ń retí èsì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ káńsù ni kí ẹ fi sọ́wọ́, kì í ṣe P.A. yín: P.A. á bá yín lọ, òṣìṣẹ́ á wà níbẹ̀.