Ẹ̀kọ́ àti Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Yẹ Alágbàtọ́

Jẹ́léósinmi ni orúkọ tí àwọn ènìyàn wa sọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé: ẹ jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ọmọ tí ń da omi nù, tí ń fa aṣọ ya, tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí àyè dáná tàbí kí ó pàtẹ ọjà, a mú un lọ sí ibì kan kí ariwo lè rọlẹ̀ nínú ilé. Orúkọ náà dùn létí, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ìsinmi ilé nìkan ni ó mẹ́nu bà. Kò sọ ohun tí ojú ọmọ ń rí níbi tí a mú un lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ irú ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni náà, tí a ó máa pè ní alágbàtọ́, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. Ẹ̀kọ́ wo ni ó yẹ kí ó kọ́? Ìrànlọ́wọ́ wo ni ó sì yẹ kí ó rí gbà?

Kì í ṣe pé àwọn ará ìgbà àtijọ́ kò mọ iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà a máa wí pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú agbo ilé, ìyá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ti tó ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá a sì máa pọn àbúrò rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò jókòó níwájú olùkọ́ kan láti kọ́ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé a kò kọ́ ọ. Bí kò bá so ọ̀já dáadáa, ìyá àgbà a ké sí i. Bí omi ìwẹ̀ ọmọ bá gbóná jù, ẹnì kan a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ó tó kan ọmọ lára. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn a gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun méjì ni ó wà nínú ètò yìí: ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì wà níbẹ̀. Alágbàtọ́ kò dá nìkan wà.

Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Ní oṣù Kíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún náà lé ní 800,000. Ohun rere gbáà ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó mọ iyì ẹ̀kọ́ tí yóò fẹ́ kí a dá a padà. Síbẹ̀, àwọn tí ń pọn àbúrò wọn wà lára àwọn tí ó gbé síléètì lọ́wọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ìyá pẹ̀lú ń lọ sí ọ́fíìsì, sí ilé-ìwòsàn àti sí ọjà ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé fi agbo ilé sílẹ̀, wọ́n lọ gba yàrá ní ìlú ńlá níbi tí aládùúgbò kò ti mọ orúkọ aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí igba ojú ń wò tẹ́lẹ̀ rí di ẹni tí ojú kan ṣoṣo ń wò. Olójú náà sì lè jẹ́ àlejò tí a fi owó gbà.

Irú ìyípadà báyìí ti dé bá àwọn ilẹ̀ mìíràn ṣáájú tiwa. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Friedrich Froebel dá ilé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìlú Bad Blankenburg ní ọdún 1837. Ní ọdún 1840 ni ó fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọ. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orúkọ yìí àti tiwa: tiwa ń ro ti ilé tí yóò sinmi, tirẹ̀ ń ro ti ọmọ tí yóò hù bí irúgbìn. Nítorí pé ọgbà kì í ṣe ara rẹ̀, Froebel bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ náà. Ní ìlú Róòmù, ní ọjọ́ 6 oṣù Kíní ọdún 1907, dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ tálákà ní àdúgbò San Lorenzo. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1909, ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Deptford ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Margaret McMillan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Rachel ṣí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan ní ọdún 1914 fún àwọn ọmọ tí àìsàn àti ìṣẹ́ ń bá fínra. Rachel kú ní ọdún 1917, ṣùgbọ́n ní ọdún 1930 Margaret ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè, kí a lè máa kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó rò pé ilé tí a kọ́ ti tó. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni a gbọ́dọ̀ kọ́.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ náà? Èkíní ni ẹ̀kọ́ ìpamọ́ ẹ̀mí. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹni tí kò mọ̀ a sáré wá ṣíbí láti fi la eyín rẹ̀. Òmíràn a da àgbo sí i lẹ́nu. Ṣíbí lè ká ọmọ léyín, àgbo sì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹni tí a ti kọ́ mọ̀ pé ńṣe ni a ń fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, tí a ń mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, tí a kì í fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, tí a sì ń gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, omi ara rẹ̀ tí ń tán ni ewu tí ó tóbi jù. Ṣíbí kékeré 6 ṣúgà tí a rẹ́ lórí dọ́gba, pẹ̀lú ìlàjì irú ṣíbí bẹ́ẹ̀ iyọ̀, nínú omi mímọ́ lítà 1, lè dá ẹ̀mí ọmọ dúró títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, oògùn náà di ewu. Láti ìparí ọdún 2008 wọ ọdún 2009, àwọn ọmọ tí ó lé ní 80 ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí májèlé tí ó wà nínú oògùn olómi kan tí a ń fún àwọn tí ń hu eyín. Ojú lásán kò lè rí májèlé nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kọ́ pé eyín híhù kì í ṣe àrùn, tí a sì ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ní oògùn tí oníṣègùn kò pa láṣẹ, kò ní sáré ṣí ìgò náà.

Èkejì ni ẹ̀kọ́ ìdàgbàsókè ọpọlọ. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ọpọlọ ọmọ ń yára dàgbà ju ti ìgbà yòówù lọ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti eré sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ tí a jù sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè dákẹ́, ilé sì lè sinmi, ṣùgbọ́n ta ni ó dá a lóhùn? Alágbàtọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa ki ọmọ ní oríkì, a máa pa àlọ́, a máa dárúkọ ohun gbogbo tí ọmọ bá nawọ́ sí. Nígbà tí ọmọ bá ń bu yanrìn láti inú agolo ńlá sínú kékeré, kò ní sọ pé ó ń dọ̀tí. Ó mọ̀ pé ìṣirò ni ó ń kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Ọmọ-ọwọ́ tí kò dákẹ́ ẹkún lè mú àgbàlagbà bínú. Alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí a bá mi ọmọ jìgìjìgì, ẹ̀jẹ̀ lè da sí i ní ọpọlọ. Kí ó gbé e kalẹ̀ sí ibi tí kò léwu, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó sì pe ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ìyá mi bí ọmọ mẹ́jọ, kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a rántí pé igba ojú wà pẹ̀lú ìyá náà. Ẹ̀wẹ̀, ọmọ tirẹ̀ ni ó ń tọ́jú, kì í ṣe ọmọ ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan náà. Pabanbarì rẹ̀ ni pé àwọn tí ó yè nìkan ni a ń kà. Orúkọ bí Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé kò ṣàdédé wà nínú èdè wa.

Ẹ̀kọ́ nìkan kò sì tó. Alágbàtọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí, tí a wá kó ogún ọmọ-ọwọ́ lé lọ́wọ́, kò ní lè lo ohun tí ó mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, òfin kò gbà kí ẹnì kan ní ju ọmọ 3 tí kò tí ì pé ọdún 2 lọ lọ́wọ́ nínú jẹ́léósinmi. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí nígbà gbogbo, tí yóò máa sọ ìwé náà dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀kọ́ tí a ṣe ní ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sì ń fi iṣẹ́ náà kọ́ni. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀. Ilé ṣì kù láti kọ́ lé e lórí. Ó yẹ kí owó oṣù alágbàtọ́ tó jẹun, kí ó rí àkókò sinmi, kí alábẹ̀wò máa wá láti kọ́ ọ, kì í ṣe láti bá a wí nìkan, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa pàdé láti bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀.

A lè béèrè pé, bí owó bá wọ̀ ọ́, ṣé tálákà yóò lè san án? Ìbéèrè gidi ni. Bí a bá di gbogbo rẹ̀ lé àwọn òbí lórí, ọmọ olówó nìkan ni yóò jàǹfààní. Nítorí náà, kí ìjọba àti ìlú gbé nínú ẹrù náà. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn àdúgbò lè kọ́ àwọn alágbàtọ́ ní ọjọ́ kan lóṣooṣù. A sì lè fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àgbà tí ó mọ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, télọ̀ tí ó bá aṣọ wa jẹ́ lè ra òmíràn fún wa, síbẹ̀ a kì í gbé aṣọ fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́. Ọmọ kò ṣeé rà padà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ lé ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ béèrè ohun tí ó mọ̀; lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ṣe láti ràn án lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí òǹkọ̀wé rí láàárín orúkọ jẹ́léósinmi àti orúkọ tí Froebel sọ ilé tirẹ̀?
2. Báwo ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 ṣe kan ìtọ́jú ọmọ nínú ilé?
3. Èsì mẹ́ta wo ni òǹkọ̀wé fún ẹni tí ó wí pé ìyá òun kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan?
4. Kọ àròkọ lórí kókó yìí: “Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.”